Bí A Ṣe Ń Mọ Àìsàn Fáàfù Páwà Sítíárìn àti Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Nínú ọ̀pọ̀ ọgbà mẹkáníìkì láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣágámù, bí awakọ̀ bá ti wọlé tó ní sítíárìn òun le, ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ráàkì, ìyẹn ẹ̀rọ gígùn tó ń ti táyà iwájú sí ọ̀tún àti òsì, ti bàjẹ́, kó lọ wá tòkunbọ̀ mìíràn rà. Ìdájọ́ yẹn máa ń yá jù. Páwà sítíárìn tó ń lo ọ́ìlì ní ibi mẹ́rin tí àìsàn lè gbà wọlé, ìyẹn páǹpù, họ́ọ̀sì, fáàfù àti písítìnì inú ráàkì, ọwọ́ awakọ̀ nìkan kò sì lè sọ èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Géèjì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn ìfúnpá ọ́ìlì, ló lè sọ ọ́. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì, fún àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn, àti fún olówó ọkọ̀ tó fẹ́ mọ ohun tó ń sanwó fún, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú fáàfù láìtíì wọn ìfúnpá ọ́ìlì, kí ẹni tó bá sì ní láti tú u lè tò ó padà lọ́nà tí kò ní tún jò.

Ohun tí fáàfù náà ń ṣe

Ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà kan, Francis Davis, tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Pierce-Arrow, ló ṣe páwà sítíárìn tó ṣeé lò fún ọkọ̀ ní àárín àwọn ọdún 1920, ṣùgbọ́n ọdún 1951 ni Chrysler tó fi í sínú ọkọ̀ Imperial tí wọ́n ń tà fún ará ìlú. Ìrísí rẹ̀ ti yí padà gan-an láti ìgbà náà, àmọ́ iṣẹ́ fáàfù kò yí padà. Oníbodè ni fáàfù: kò ní agbára tirẹ̀, òun kàn ni ó ń pinnu ẹnu ọ̀nà tí yóò ṣí fún ọ́ìlì àti èyí tí yóò tì.

Nínú ọkọ̀ kékeré bíi Corolla, Camry tàbí Golf àtijọ́, orí ráàkì gan-an ni fáàfù wà, níbi tí ọ̀pá tó sọ̀kalẹ̀ láti sítíárìn ti wọ inú rẹ̀. Apá mẹ́ta ló ní. Èkíní ni ọ̀pá inú, tó so mọ́ sítíárìn, tí wọ́n sì gbẹ́ ojú ọ̀nà gígùn sí lára yíká. Èkejì ni sílíìfù, irin róbótó oníhò tó bo ọ̀pá inú, tí wọ́n dè mọ́ pínínì, ìyẹn eyín róbótó tó ń ti ráàkì sí ọ̀tún àti òsì. Ẹ̀kẹta ni tọ́ṣàn báà, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba àárín wọn kọjá, tí wọ́n fi píìnì dè mọ́ ọ̀pá inú lókè, tí wọ́n sì dè mọ́ pínínì nísàlẹ̀.

Bí táyà bá wà nílẹ̀ tí awakọ̀ sì yí sítíárìn, ilẹ̀ á di táyà mú, pínínì kò ní tètè yí, tọ́ṣàn báà á wá lọ́ ní ìwọ̀n dígírì díẹ̀. Lílọ́ díẹ̀ yẹn ti tó láti mú kí ojú ọ̀nà ara ọ̀pá inú yẹ̀ kúrò ní ọ̀gangan ojú ọ̀nà ara sílíìfù, kí ọ̀nà kan ṣí fún ọ́ìlì láti páǹpù lọ sí apá kan písítìnì, kí ọ̀nà mìíràn sì ṣí fún ọ́ìlì apá kejì láti padà sínú ike tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Ọ́ìlì á ti písítìnì, písítìnì á ti ráàkì, táyà á yí. Bí ọwọ́ bá ti dáwọ́ dúró, tọ́ṣàn báà á na ara rẹ̀ padà, fáàfù á sì bọ́ sí àárín. Ní àárín yẹn, gbogbo ọ̀nà ló ṣí díẹ̀díẹ̀, ọ́ìlì kàn ń yí po láàárín páǹpù àti ike ni, ìfúnpá rẹ̀ kò sì ga. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa, nítorí pé òun ló ṣàlàyé ìdí tí fáàfù tó pé kò fi lè ran páǹpù tó ti rẹ̀ lọ́wọ́.

Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójú ọ̀nà márosẹ̀, ọ̀pá inú yóò lọ́ débi tí yóò fi kan pínínì ní tààrà, awakọ̀ yóò sì lè darí ọkọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò le gan-an. Nítorí náà, fáàfù tó bàjẹ́ kì í sábà gba ìdarí lọ́wọ́ awakọ̀ pátápátá. Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́, àti pé, nígbà mìíràn, ó máa ń ran án lọ́wọ́ níbi tí kò béèrè, èyí tó léwu jù.

Lára ìta sílíìfù ni òrùka mẹ́rin tí wọ́n fi Teflon, irú ike kan tó ń yọ̀, ṣe wà nínú ọ̀pọ̀ ráàkì. Wọ́n pín àlàfo tó wà láàárín sílíìfù àti ilé fáàfù sí yàrá mẹ́ta: ti àárín ń gba ọ́ìlì láti páǹpù, ọ̀kan nínú méjì tó kù ń lọ sí páìpù ọ̀tún, èkejì ń lọ sí páìpù òsì. Ọ̀pọ̀ àìsàn fáàfù, ibi òrùka wọ̀nyí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí òrùka tó wà ní ìpẹ̀kun bá gbó, apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ́ìlì yóò máa sá padà, sítíárìn yóò sì le sí apá kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan nínú òrùka méjì àárín bá gé, ọ́ìlì páǹpù yóò máa yọ́ wọ apá kan nígbà tí awakọ̀ kò tíì yí nǹkan kan, ọkọ̀ yóò sì máa fà sí ẹ̀gbẹ́ fúnra rẹ̀.

Àwọn tírélà tó ń kún gáréèjì Ògèrè àti àwọn tó ń kó sìmẹ́ǹtì jáde ní Ṣágámù kì í sábà lo ráàkì. Àpótí sítíárìn ni wọ́n ń lò, tí fáàfù àti písítìnì jọ wà nínú rẹ̀. Ìlànà fáàfù wọn jọ èyí tí mo ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ìfúnpá wọn ga jù, títò wọn sì yàtọ̀, nítorí náà ráàkì ọkọ̀ kékeré ni ìtọ́sọ́nà yìí dúró lé.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ọ́ìlì ni ọkọ̀ náà ń lò. Camry ọdún 2012 sókè kò ní ike ọ́ìlì sítíárìn rárá, mọ́tò iná ló ń ràn án lọ́wọ́, àìsàn rẹ̀ sì di ti réwáyà àti ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù. Bí ẹ bá rí ike kékeré tí wọ́n ya sítíárìn sí lórí ìdérí rẹ̀, tí ẹ sì rí páǹpù tí bẹ́líìtì ń yí, ẹ lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán wá ibi tí ọ́ìlì ti ń jò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ọ́ìlì tó ń tú jáde nínú ihò abẹ́rẹ́ pẹ̀lú ìfúnpá tó ju psi 1,000 lọ (psi ni òṣùwọ̀n ìfúnpá tí géèjì ń kà) lè gún awọ ara wọlé, ọgbẹ́ rẹ̀ kéré lójú ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni yóò gbé ènìyàn lọ ní kíákíá. Páálí ni kí ẹ nà sí ibẹ̀. Bákan náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan tàbí bọ́lọ́ọ̀kù ilé ló gbé e dúró. Bọ́lọ́ọ̀kù wa kì í fọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ó máa ń túká. Ẹ lo ẹsẹ̀ irin méjì, kí ẹ sì fi nǹkan dí táyà ẹ̀yìn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo ohun tí kò ná yín lówó

Ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà iwájú méjèèjì ní ọ̀dọ̀ fọ́kanáísà, kí ẹ sì fi í wé ohun tí wọ́n kọ sí ara férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀ lè mú kí sítíárìn tó péye le bí ẹni pé ó ti kú.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bẹ́líìtì. Bí ó bá ń ké nígbà tí awakọ̀ yí sítíárìn dé ìpẹ̀kun, pàápàá ní òwúrọ̀ tí òjò rọ̀, ó ń yọ̀ lórí pọ́ọ̀lì nìyẹn, páǹpù kò sì rí agbára tó yẹ gbà. Ẹ fún un, tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti sán tàbí tí ó ń dán.

Ẹ wo ọ́ìlì nínú ike. Kí ó dé ibi àmì, kí àwọ̀ rẹ̀ mọ́, kí ó má rùn bí ohun tó jóná. Ọ́ìlì tó dúdú tó sì ní èérún rọ́bà nínú fi hàn pé inú họ́ọ̀sì ti ń ré. Èyí tó ní ìdán irin fi hàn pé páǹpù ń jẹ ara rẹ̀. Èyí tó ń hó bí ọṣẹ fi hàn pé afẹ́fẹ́ ń wọlé, ó sì sábà máa ń jẹ́ láti họ́ọ̀sì tó wà láàárín ike àti páǹpù, tí kíláàmpù rẹ̀ ti rọ̀. Nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ ike ni asẹ́ kékeré kan wà tó ń gba ìdọ̀tí. Bí ó bá dí, páǹpù yóò máa kùn bí ẹni pé ó fẹ́ kú. Ẹ fọ̀ ọ́, bí kò bá sì ṣeé fọ̀, ẹ pààrọ̀ ike náà. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n ti ra páǹpù fún tí asẹ́ yìí nìkan ló ń dà á láàmú.

Níkẹyìn fún ìgbésẹ̀ yìí, ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi ọwọ́ yí sítíárìn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Bí ó bá ń há ní ibì kan, ẹ wo oríkèé ọ̀pá tó sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, nítorí ìpẹtà máa ń mú un lẹ́yìn òjò, kí ẹ sì wo bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì. Ohun tó bá há nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú kì í ṣe ẹjọ́ ọ́ìlì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi ìbéèrè tó dára wádìí lọ́wọ́ awakọ̀

Ẹ má ṣe béèrè pé, "Ṣé sítíárìn le?" Ẹ béèrè ìgbà tó le àti apá tó le sí. Ẹ jẹ́ ká wo awakọ̀ àgbà kan tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó gààrí láti Ìjẹ̀bú-Igbó wá sí Ìjẹ̀bú-Òde. Bí mẹkáníìkì bá sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, apá wo ni ó le sí jù nígbà tí ẹ bá ń yí padà ní gáréèjì?", tí bàbá sì dáhùn pé, "Òsì ni o, ọ̀tún kò ṣe nǹkan kan," ìdáhùn kan ṣoṣo yẹn ti yọ páǹpù àti bẹ́líìtì kúrò nínú ẹjọ́, nítorí páǹpù kan náà ló ń sin apá méjèèjì. Bí ó bá le sí apá méjèèjì nígbà tí ọkọ̀ dúró, tó sì rọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì sáré, páǹpù ni kí ẹ fura sí. Bí ó bá le ní òwúrọ̀ ọyẹ́ nìkan, tó wá ń rọ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná, òrùka Teflon ti le tàbí ilé fáàfù ti jẹ. Bí sítíárìn bá ń fà fúnra rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí iwájú ọkọ̀ wà lókè tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́, fáàfù ni, ẹ má sì jẹ́ kí ọkọ̀ náà jáde sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn títí ẹ ó fi tún un ṣe.

Ẹ wo ibi tí ọ́ìlì ti ń jò pẹ̀lú. Ọ́ìlì tó ń sun ní ibi tí ọ̀pá sítíárìn ti wọ ilé fáàfù, síìlì òkè fáàfù ló gbó. Ọ́ìlì tó kún inú rọ́bà etí ráàkì, síìlì ìpẹ̀kun ráàkì ni, fáàfù kò lọ́wọ́ sí i. Ìdí tí ìkejì yìí fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa ni pé rọ́bà etí ráàkì máa ń ya láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kíyè sí i, omi pupa ojú ọ̀nà inú ìlú á wọlé, irin ráàkì á pẹtà, ìpẹtà náà á sì máa gé síìlì ní gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá yí kọ́ńà. Rọ́bà tó ya kò wọ́n bí ráàkì. Ẹ tètè máa pààrọ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: géèjì

Ibí ni ọkàn iṣẹ́ yìí wà. Ẹ nílò géèjì tó lè ka ìfúnpá dé psi 2,000 ó kéré tán, pẹ̀lú kọ́ọ̀kì kan tó ṣeé ṣí tó sì ṣeé tì. Ẹ so ó sáàárín páǹpù àti họ́ọ̀sì tó ń lọ sí ráàkì, kí géèjì wà ní ọ̀dọ̀ páǹpù, kí kọ́ọ̀kì wà ní ọ̀dọ̀ ráàkì. Bí ẹ bá fi í sí òdìkejì, ẹ kò ní rí òtítọ́ kankan kà. Ẹ kún ọ́ìlì, ẹ lé afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ sì yí sítíárìn síwá sẹ́yìn títí ọ́ìlì yóò fi gbóná dé nǹkan bí dígírì 80 ní ìwọ̀n Celsius. Ọ́ìlì tútù máa ń purọ́, nítorí pé ó ki.

Pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ní áídù, ìyẹn kí ó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ láìsí pé ẹ tẹ iná, ẹ ti kọ́ọ̀kì pa, ẹ ka géèjì, kí ẹ sì ṣí i padà. Gbogbo rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ, nítorí pé nígbà tí kọ́ọ̀kì bá tì, gbogbo ọ́ìlì ń gba inú fáàfù ààbò páǹpù kọjá, ó sì ń gbóná lọ́nà tó lè ba páǹpù jẹ́. Ohun tí ẹ kà yẹn ni gbogbo agbára tí páǹpù ní. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, ó máa ń wà láàárín psi 1,000 àti 1,500, ṣùgbọ́n ìwé olùṣe ọkọ̀ ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n. Bí ó bá kéré sí ohun tí ìwé sọ, páǹpù ni ó ń ṣàìsàn. Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ kò ní ohun tí ẹ ń wá lọ sí fáàfù.

Bí páǹpù bá yege, ẹ fi kọ́ọ̀kì sílẹ̀ ní ṣíṣí, ẹ ka géèjì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí 1,000 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì tún kà á nígbà tó bá ń yí 3,000. Ní ọ̀pọ̀ Toyota, ìyàtọ̀ méjèèjì kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí psi 70 lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, fáàfù kékeré inú páǹpù, èyí tó ń díwọ̀n bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn, ló ń há. Ẹ yọ ọ́, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì wò bóyá ó ń rìn geere nínú ilé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ni kì í rántí pé páǹpù náà ní fáàfù tirẹ̀.

Ìkẹta nínú ìwọ̀n ni ti ráàkì. Pẹ̀lú kọ́ọ̀kì ní ṣíṣí àti ẹ́ńjìnnì ní áídù, ẹ yí sítíárìn dé ìpẹ̀kun ọ̀tún, ẹ ka géèjì, kí ẹ tú u sílẹ̀ kí ìṣẹ́jú àáyá 5 tó pé. Ẹ ṣe bákan náà ní òsì. Ìfúnpá apá méjèèjì gbọ́dọ̀ dé ibi tí páǹpù dé nígbà tí ẹ ti kọ́ọ̀kì pa. Bí apá kan bá dé ibẹ̀ tí apá kejì kò dé, òrùka sílíìfù tó ń sin apá náà ni kí ẹ mú, nítorí pé síìlì písítìnì tó gbó yóò jẹ́ kí ọ́ìlì kọjá sí ìhà méjèèjì. Bí méjèèjì bá lọ sílẹ̀, ó lè jẹ́ síìlì písítìnì, ó sì lè jẹ́ fáàfù. Títú ráàkì ni yóò là á láàárín wọn. Ẹ kọ gbogbo iye tí ẹ kà sílẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì fi han olówó ọkọ̀. Olówó ọkọ̀ tó bá rí iye mẹ́ta yẹn pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ kò ní rò pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: sísọ ráàkì kalẹ̀

Ẹ yí táyà kí ó kọjú síwájú tààrà, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ fi bẹ́líìtì ìjókòó so sítíárìn kí ó má lè yí. Èyí ṣe pàtàkì fún ọkọ̀ tó ní éábáàgì, nítorí pé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ká róbótó lábẹ́ sítíárìn yóò já bí sítíárìn bá yí po nígbà tí ráàkì kò sí níbẹ̀. Ẹ yọ tẹ́mínà bátìrì. Ẹ fi àwọ̀ sàmì sí oríkèé ọ̀pá sítíárìn àti ọ̀pá fáàfù kí wọ́n lè padà sí ojú kan náà.

Ẹ fọ ìta ilé fáàfù àti ẹnu páìpù dáadáa kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kankan. Iyanrìn díẹ̀ tó bá wọ inú fáàfù yóò ha á. Ẹ fa ọ́ìlì jáde, ẹ tú páìpù, kí ẹ fi ọ̀rá mímọ́ di gbogbo ẹnu tó ṣí, lára ráàkì àti lára họ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ táì rọ́ọ̀dù, ìyẹn ọ̀pá tó so ráàkì mọ́ ẹsẹ̀ táyà, ẹ tú bóòtù tó so ráàkì mọ́ férémù, kí ẹ sì fà á jáde.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: títú fáàfù

Orí tábìlì tó mọ́ ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe lórí ilẹ̀ ọgbà. Ẹ ti ráàkì sí àárín gbùngbùn, kí ìwọ̀n tó yọ síta ní ọ̀tún àti òsì dọ́gba, kí ẹ sàmì sí i. Ẹ kọ́kọ́ tú ìdérí tó di sípíríìǹgì àti irin tó ń tẹ ráàkì mọ́ pínínì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ ìdérí ìsàlẹ̀ pínínì, ẹ di ọ̀pá òkè mú, ẹ tú nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ẹ sàmì sí ojú ilé fáàfù, ẹ tú bóòtù rẹ̀, kí ẹ sì fà á sókè tààrà. Bí fáàfù kò bá fẹ́ kúrò nínú ilé rẹ̀, hámà onírọ́bà ni kí ẹ fi rọra gbá a, kì í ṣe hámà irin.

Ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe láé: ẹ má ṣe yọ píìnì tó de tọ́ṣàn báà mọ́ ọ̀pá inú. Ní ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ ṣe ìwọ̀ntúnwọ̀nsì rẹ̀ kí àárín fáàfù lè jẹ́ àárín gan-an kí wọ́n tó gbẹ́ ihò píìnì yẹn. Bí ẹ bá yọ ọ́, kò sí irinṣẹ́ nínú ọgbà wa tó lè dá a padà, ọkọ̀ náà yóò sì máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan títí ayé rẹ̀. Bákan náà, ẹ má ṣe mú ọ̀pá inú fáàfù kan wọ sílíìfù òmíràn, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n yàn wọ́n fún ara wọn.

Ẹ wá fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú ilé fáàfù níbi tí àwọn òrùka ti ń yí. Ẹ fi èékánná wọ́ ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí èékánná kò bá kọ́ nǹkan kan, òrùka tuntun yóò gbà á. Bí èékánná bá há sínú ojú ibi tí òrùka ti jẹ, òrùka tuntun kò ní lè dí i, owó òrùka á sì ṣòfò. Nígbà náà nìkan ni mo gbà pé kí olówó ọkọ̀ lọ wá ráàkì mìíràn.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni yóò rà, ìbáà jẹ́ ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó tàbí lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á nítòsí, ẹ bá a wò ó. Ẹ rí i pé kì í ṣe ti ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà ní ọ̀tún, irú èyí tó ń ti Gẹ̀ẹ́sì àti Japan wá, nítorí pé ìhà kejì ni fáàfù rẹ̀ wà, ọ̀tún títì ni àwa sì ti ń wakọ̀ láti ọdún 1972. Ẹ yẹ rọ́bà etí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ wo irin inú rẹ̀: bí ìpẹtà bá wà lára rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ yí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́jẹ́ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kí ó rìn dọ́gba. Ráàkì tí ẹnu páìpù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ sójú òjò kò yẹ ní rírà, bó ti wù kí ó mọ́ níta tó.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: òrùka àti síìlì tuntun

Ẹ ra kíìtì síìlì tó bá nọ́ńbà ráàkì náà mu, kì í ṣe èyí tí olùtajà sọ pé "ó jọ ọ́". Ẹ gé òrùka àtijọ́ kúrò láìjẹ́ kí abẹ kan irin sílíìfù, nítorí pé ìlà kékeré kan nínú ojú ibùjókòó òrùka yóò di ọ̀nà ọ́ìlì. Ẹ fọ fáàfù pẹ̀lú ọ́ìlì sítíárìn tuntun, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ro gbẹ fúnra rẹ̀. Àkísà máa ń fi òwú sílẹ̀, òwú sì ń dí ojú ọ̀nà.

Teflon kì í nà bíi rọ́bà, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òrùka tuntun fi ń já lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Ẹ rẹ òrùka sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fà á díẹ̀ ní ìwọ̀n tí yóò kọjá lórí sílíìfù, kí ẹ sì tì í lọ sí ibùjókòó rẹ̀. Bí iṣẹ́ yìí bá ń wọlé fún yín lóòrèkóòrè, ẹ jẹ́ kí oníléètì gbẹ́ kóònù kékeré kan láti ara náílọ́ọ̀nù líle, tí ẹnu rẹ̀ kékeré tí ìdí rẹ̀ sì bá sílíìfù dọ́gba. Ó tọ́ sí owó tí ẹ ná lé e. Lẹ́yìn tí òrùka bá ti jókòó, yóò ṣì tóbi díẹ̀. Ẹ fi ọ́ìlì pa á, ẹ fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ mímọ́ wé e pinpin, kí ẹ fi í sílẹ̀ títí yóò fi tutù tí yóò sì sún padà. Bí ẹ bá ti fáàfù wọ ilé rẹ̀ kí òrùka tó sún padà, etí ilé ni yóò gé e, ẹ kò sì ní mọ̀ títí ọkọ̀ yóò fi padà wá.

Síìlì òkè ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù nígbà títò. Ẹ fi sẹ́lótéèpù bo eyín orí ọ̀pá kí síìlì má gé bó ti ń kọjá. Ẹnu síìlì tó ní sípíríìǹgì ni yóò kọjú sí ọ̀dọ̀ ọ́ìlì. Ẹ fi ọ́ìlì pa gbogbo rẹ̀, ẹ má lo gíríìsì lásán.

Ìgbésẹ̀ keje: títò padà, ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́

Ẹ tẹ̀lé àwọn àmì yín, kí ẹ ti pínínì wọ ráàkì ní àárín gbùngbùn tí ẹ ti sàmì sí. Irin tó ń tẹ ráàkì mọ́ pínínì ní ìwọ̀n fífún tirẹ̀ nínú ìwé: ẹ sábà máa fún un, ẹ ó sì tú u padà díẹ̀. Bí ó bá le jù, sítíárìn kò ní padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn kọ́ńà. Bí ó bá rọ̀ jù, yóò máa gbá ko-ko-ko lójú ọ̀nà tó ní ihò. Nígbà tí ẹ bá ti ráàkì wọ ọkọ̀, ẹ fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ nọ́ọ̀tì páìpù kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi sípánà kàn án, kí ẹ sì lo wáṣà kọ́pà tuntun.

Bí páǹpù ti bàjẹ́ rí lára ọkọ̀ náà, ẹ fọ gbogbo ọ̀nà ọ́ìlì kí ẹ tó so ráàkì pọ̀, nítorí pé ìdán irin tó kù nínú họ́ọ̀sì yóò ha fáàfù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Ọ́ìlì tí ìdérí ike tàbí ìwé ọkọ̀ sọ nìkan ni kí ẹ lò. Ọ̀pọ̀ Toyota ń gba ATF, ìyẹn ọ́ìlì jíà ọ̀tọmátíìkì, èyí tó pupa tí wọ́n ń pè ní Dexron. Honda ní ọ́ìlì sítíárìn tirẹ̀, kò sì fẹ́ ATF. Ọ̀pọ̀ Volkswagen àti Audi ń lo ọ́ìlì aláwọ̀ ewé tí kò gbọ́dọ̀ dàpọ̀ mọ́ pupa. Ọ́ìlì bíréèkì ni ọ̀tá gbogbo wọn, ó máa ń mú kí rọ́bà síìlì wú kó sì rọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ péré tí ẹnìkan bá ṣì dà sínú ike sì tó láti ba gbogbo síìlì tuntun jẹ́.

Pẹ̀lú iwájú ọkọ̀ lókè àti ẹ́ńjìnnì ní pípa, ẹ kún ike, ẹ rọra yí sítíárìn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹ máa kún un bó ti ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí ọ́ìlì bá dúró, ẹ ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, ẹ fi í sílẹ̀ ní áídù, ẹ yí sítíárìn bákan náà láì dì í mú ní ìpẹ̀kun ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Bí ọ́ìlì bá ń hó, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ dúró títí ìhó yóò fi lọ, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò ìkẹyìn rọrùn: ẹ sàmì sí ibi tí ọ́ìlì dé nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ pa á, ẹ tún wò ó. Bí ó bá gòkè ju mìlímítà 5 lọ, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀.

Ẹ tún so géèjì, ẹ wọn apá méjèèjì, kí ẹ kọ iye tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́ nínú ìwé yẹn. Ẹ mú ọkọ̀ lọ fún aláìnímẹ́ǹtì, nítorí pé táì rọ́ọ̀dù tí ẹ yọ kì í padà sí ojú rẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ní kí awakọ̀ mú un wá ní òwúrọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ẹ wo ike, ẹ wo abẹ́ ilé fáàfù, kí ẹ sì fi sípánà kan nọ́ọ̀tì táì rọ́ọ̀dù àti bóòtù ráàkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ́ìlì àtijọ́ tí ẹ fà jáde, inú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí ni kí ẹ kó o jọ sí fún àwọn tó ń ra ọ́ìlì àlòkù, ẹ má dà á sí gọ́tà, nítorí pé kànga àwọn ará àdúgbò ni yóò ṣàn lọ.